Ọ̀tún Ni Orúkọ Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tan àbẹ́là wọn sí. Bí ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, màmá àgbà tó wà nílé kejì sí tiwa á gbé dòdò kúrò lórí iná, wọ́n á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á sì kó àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù sí apá kan. Wọ́n á tan àbẹ́là méjì sáàárín àwọn àwo, wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Òórùn òróró gbígbóná á dàpọ̀ mọ́ ti àbẹ́là. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, nítòsí Parsloes Park nílùú òyìnbó là ń gbé, ọ̀dọ̀ Màmá yìí ni mo sì máa ń wà lẹ́yìn iléèwé títí ìyá mi á fi ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé.

Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ rí àbẹ́là yẹn, ńṣe ni wọ́n bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Aládúrà paraku ni wọ́n. Wọ́n bi Màmá bóyá Aládúrà ni àwọn náà, Màmá sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá àga jókòó.

Ilẹ̀ Peru ni wọ́n ti bí Màmá, ní ìlú kan láàárín igbó kìjikìji, létí odò ńlá. Mọ́tò kì í débẹ̀. Àfi ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù. Júù ni bàbá tó bí bàbá wọn. Morocco ló ti wá, òwò rọ́bà ló gbé e wọgbó. Ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó bímọ, ó sì kú síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò yé tan àbẹ́là tí àwọn Júù máa ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ fún ọjọ́ ìsinmi wọn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló sì ń tàn án sí kí atẹ́gùn odò má baà pa á. Kò sí atẹ́gùn odò nílé ìdáná Màmá ní Becontree níbi tí à ń gbé, ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní àdúrà," ni wọ́n máa ń wí. "Àbẹ́là nìkan ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́."

Ó ti rẹ̀ wọ́n gan-an nígbà yẹn. Ọkọ wọn ti kú, ẹsẹ̀ wọn wú, ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: kí wọ́n mọ̀ dájú, kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé òótọ́ ni ìtàn bàbá àgbà yẹn. Mọ̀lẹ́bí wọn kan fi fọ́tò òkúta sàréè rẹ̀ ránṣẹ́ láti ìlú inú igbó yẹn, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn Júù ní ìlà gbọọrọ kan lójú rẹ̀. Àlùfáà Júù kan tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní kí wọ́n da ìlà náà kọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun. Fọ́tò ọ̀hún ò lè kúrò nílé, ẹyọ kan ni wọ́n ní.

"Ojú tìrẹ ṣì ń ríran kedere," Màmá wí, wọ́n sì gbé pẹ́ńsù lé mi lọ́wọ́.

Mo fara balẹ̀ dà á kọ. Òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí olùkọ́ ṣe kọ́ wa. Nígbà tí ìwé kékeré náà ò gba ìlà yẹn tán, mo gbé ìyókù sí ìsàlẹ̀. Orí mi wú.

Èsì tó dé ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Àlùfáà ní òun kà á títí, òun ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màmá ká lẹ́tà náà, wọ́n lọ dúró ti abọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀.

"Ìtàn lásán ni, nígbà náà," ni wọ́n wí.

Wọn ò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ní Jimọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni wọn ò fi tan àbẹ́là.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wá mú mi, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n rí fọ́tò àti ìwé tí mo fi dánra wò lórí tábìlì.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Where did you start from?"

Mo nàka sí òsì.

"Òsì kẹ̀! Ah, ọmọ yìí, o ti bà á jẹ́! Kí n tó di Aládúrà, ilé kéú ni bàbá àgbà mi mú mi lọ n'Íjẹ̀bú. Ọ̀tún la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn Júù náà, same thing! Wòlíì wa ti sọ ọ́."

Ìgbà náà ló yé mi pé apá ọ̀tún tó yẹ kó ṣáájú ni mo gbé sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ti gbé orí orúkọ bàbá oníbàbá sí ìdí. Bó ṣe rẹ ìyá mi tó nì, wọ́n fa àga, wọ́n ń fìka tọ́ mi sọ́nà láti ọ̀tún títí mo fi kọ ọ́ tán.

A tún fi ránṣẹ́, orúkọ sì wà nínú èsì kejì: ti bàbá àgbà àti ti bàbá tó bí i. Àmọ́ àlùfáà náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ìyá làwọn ti ń ka ọmọ, àwọn ò sì lè ka Màmá mọ́ Júù.

Ìyá mi fárígá. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ọmọ bàbá wọn ni? Abeg!"

 Màmá ní kí n ka orúkọ náà sókè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wíwú yẹn dìde, wọ́n lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Túsìdeè ni, kì í ṣe Jimọ̀.

Èmi náà ń tọ́jú arúgbó báyìí, ó sì máa ń rẹ̀ mí bó ṣe ń rẹ ìyá mi. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti gbàgbé nípa ìgbà yẹn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fi ṣókùnkùn nítorí mi ṣì ń dùn mí. Bí mo bá fẹ́ wọ aṣọ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè apá tó fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Màmá kú, wọ́n ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n kọ orúkọ bàbá àgbà yẹn sí ìsàlẹ̀ tiwọn lára òkúta. Mo gbé ìwé tí mo da orúkọ náà kọ sí ní lẹ́tà àwọn Júù lọ bá agbẹ́kùúta. Ó fìka lé òsì.

"From here, yeah?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gbé e lọ sí ọ̀tún.