Ká Ní Mo Bi Ìyá Arúgbó Yẹn

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Inísà, èmi nìkan ni mo mọ̀wé nílé wa. Ẹ wá wo fáàrí, ẹ̀yin ọmọ! Bí bàbá mi bá sọ̀rọ̀, màá ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wa.

Ìyá arúgbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn kí wọ́n tó kú. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àpótí wá, wọ́n á jókòó níwájú èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní, "Olùkọ́ mi, ẹ kọ́ mi díẹ̀ sí i." Ẹ ò rí i, àgbà ń pe ọmọdé ní ẹ! Èmi a sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi lọ sí Òkukù, ìyá mi lọ sí ọjà Ìkìrun, ó wá ku èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ebi ń pa wá. Mo hú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, lára èyí tí bàbá mi gba igi rẹ̀ wá láti Ìbà, mo sì sun ún. Mo tọ́ ọ wò, ó korò díẹ̀. Ìyá arúgbó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi èédú kọ lẹ́tà sára ògiri. Ó ṣe mí bíi kí n bi wọ́n bóyá ó ṣeé jẹ. Mo ní, háà, ṣé èmi olùkọ́ ni n óò lọ bi akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè? Mo gbé e fún àbúrò mi, ó jẹ ẹ́ tán.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ojú rẹ̀ yí. Mo figbe bọnu. Ìyá arúgbó gbé e pọ̀n, wọ́n sáré lọ sójú títì láti wá mọ́tò. A ò tíì dé ọsibítù ní Ìkìrun tó fi dákẹ́.

Nígbà tí a padà dé, wọ́n ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ náà nílẹ̀, wọ́n wò ó. "Èyí tí à ń fi ṣe gàrí nìkan ni, a kì í sun ún jẹ. Olùkọ́ mi, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Wọn ò bú mi. Èébú ì bá sàn.

Ayé ti yí. Fóònù lẹ̀yin ń bi léèrè báyìí, ẹ kì í bi àgbà mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi kà á fún mi lórí tirẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà kan láyé àtijọ́ kọ́ni pé kéèyàn má tijú láti bi ẹni tó kéré sí i, kó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ títí dọjọ́ alẹ́. Ó rò pé ohun tuntun ló ń sọ fún mi. Mo gbé àpótí, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo ní, "Olùkọ́ mi, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù yìí."

Orúkọ àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀.