Àga Atọ́tíwò

Ìgò mẹ́tàdínlógún ló bẹ́. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ogún ni, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gbé e dé ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógún ni, nítorí ìyàwó Aláago ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìdérí wọn nílẹ̀, ó sì kà wọ́n. Bíà tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pọn nínú ilé yẹ kó lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ike ńlá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Aláago rọ ọ́. Ọkùnrin tó ti ń tún aago ṣe láti ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kì í fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan ṣòfò lára aago oníbàárà, kò lè ka ọjọ́ dé mẹ́rìnlá.

Kì í ṣe pé wọn kò kìlọ̀ fún un. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú nínú ilé wọn ló ti ń fọ aṣọ oníbàárà, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ̀ wọ́n. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ike náà kọjá lọ́jọ́ yẹn, ó dúró, ó sì fa imú.

“Bàbá wọn, ọtí yìí ò tíì hó parí o. Ó ṣì ń rùn bí ìyẹ̀fun tútù.”

“Ìwọ tí o kì í mutí!”

“Ẹnu ni mi ò fi mutí. Mi ò sọ pé mi ò nímú.”

Aláago rẹ́rìn-ín. Ó dé ìgò rẹ̀ pa, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ oníbàárà kọ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì tutù. Ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ìgò kan bẹ́. Àwọn tó kù dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń pe orúkọ wọn. Aṣọ adájọ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí adájọ́ wọ̀ ọ́ lọ sí kóòtù, wọ́n ní ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìmutípara kàn tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó Aláago ti fi ohun méjì búra: wọn kò ní pọntí nínú ilé òun mọ́, ẹsẹ̀ òun kò sì ní tẹ ibi tí ẹgbẹ́ apọntí ń pàdé láéláé.

Ènìyàn mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé kejì oṣù, nínú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó jẹ́ alága wọn. Ilé ara rẹ̀ ni kálukú ti ń pọntí, ṣùgbọ́n wọ́n ń yá ara wọn ní ìkòkò, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ohun tí ẹlòmíràn kò ní gbọ́ sétí. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn tó ń kọ bí omi ọkà rẹ̀ ti gbóná tó sínú ìwé ní wákàtí wákàtí, bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Òun àti Alága fi oṣù méjì yan ara wọn lódì nítorí òdòdó tó ń mú bíà korò: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sísè ni wọ́n ń dà á sí, èkejì ní ìparí ni. Ọjọ́ tí òrùlé nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, Alága gbé òòlù lọ bá a kàn án. Wọ́n ti ń bára wọn jiyàn lórí òdòdó náà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Aláago kò ní ibi tó lè pọntí mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ dára nígbà náà, ni wọ́n bá fi í ṣe Atọ́tíwò. Alága kan àga aláápá kan fún un. Orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo àwọn tó kù ń jókòó sí. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ife síwájú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ ohun tó rí kó tó fi ẹnu kàn án. Títí tí yóò fi sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan, kò sì gbọdọ̀ fajú ro. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀, kálukú máa ń mú ìgò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù aago rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpàdé kó lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má fi àga náà ṣeré. Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí oníbàárà ń sọ fún Aláago kò ju “Ẹ bá mi yára” lọ. Nílé, àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Orí àga aláápá yẹn nìkan ni àwọn ènìyàn ti ń dákẹ́ títí tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀fìnkìn kan mú un. Nígbà tí ọ̀fìnkìn náà ń lọ, ó mú òórùn dání lọ. Aláago bu ọṣẹ, ó gbé e símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé bàtà rẹ̀ símú, kò gbọ́ nǹkan kan, èyí tó jẹ́ àǹfààní díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ jáde lọ sá aṣọ, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó padà dé, èéfín ti ń yọ, ọkọ rẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó tẹjú mọ́ inú aago kan.

“Bàbá wọn, láti ìgbà wo ni ẹ ò ti gbóòórùn mọ́?”

Aláago ronú irọ́ kan, kò rí èyí tó dára. Ó jẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, á tú ìgò ẹgbẹ́ sínú ife kéékèèké lórí tábìlì aṣọ lílọ̀, obìnrin náà á sì fimú sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èyí mọ́. Èyí ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó pọn èyí kò ṣan ọṣẹ kúrò nínú ìkòkò.” Aláago á kọ ọ́ sílẹ̀, á há a sórí. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára sí i. Tẹ́lẹ̀, “Ó dáa” àti “Kò dáa” ló mọ̀ ọ́n sọ.

“Aláago, imú ẹ ti wá ń lajú sí i!” ni Alága ń wí. Oṣù mẹ́jọ ni tọkọtaya náà fi ṣe é.

Wàyí o, ẹgbẹ́ apọntí tó wà lódìkejì odò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wọn. Inú Alága dùn. Ó ní kò sí ìgò Ọjọ́bọ̀ lóṣù náà, ojú àlejò ni wọn yóò ti ṣí gbogbo ọtí, kí àlejò lè rí irú Atọ́tíwò tí àwọn ní.

“Bá mi lọ,” ni Aláago bẹ ìyàwó rẹ̀.

“Mo ti búra. Ẹ sọ fún wọn pé imú yín ti lọ.”

“Wọ́n á gba àga náà.”

“Ṣé imú yín lẹ fi ń jókòó ni?”

Ó lọ láìsọ fún wọn. Ife àkọ́kọ́, ti nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe àṣìṣe, nítorí náà Aláago yìn ín, ó bọ́ sí i. Ife kejì, ti àlejò, ó yìn ín nítorí ìwà ọmọlúàbí. Ìkẹta ni ti Alága fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ti ń bu ú láti inú kẹ́ẹ̀gì, ojú nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Àlejò kan fa áńkáṣífù yọ, ó rántí òfin, ó tún ti í bọ àpò. Gbogbo ilé dákẹ́ bí òfin ti wí.

Aláago gbé ife símú, ó dijú. “Òórùn èyí mọ́ tónítóní,” ló wí. “Ó dà bí ọkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan.”

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kun fáníìṣì, imú tirẹ̀ náà ti kú tipẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni àlejò kan bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ṣé orí sítóòfù ni ẹ̀yin ti ń yan ọkà níbí ni?”

Aláago gbé ife náà sún mọ́ ẹnu.

“Bàbá wọn! Ẹ gbé e sílẹ̀! Kẹrosíìnì ni!”

Gbogbo orí yí sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Aláago ló dúró síta, ó gbé aṣọ tábìlì tí nọ́ọ̀sì gbé fún un fọ̀ dání, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ìloro. “Mi ò wọlé o,” ló wí. “Imú mi ló wọlé.”

Alága fò dìde. “Kẹrosíìnì kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi omi gbígbóná ṣan kẹ́ẹ̀gì yẹn!”

“Ẹ ò bá ṣan án lẹ́ẹ̀mẹtàlá, Alága,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń nu ojú. “Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún…”

Kò parí òwe náà, nítorí Aláago ti dìde kúrò lórí àga. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. “Oṣù mẹ́jọ ni,” ló wí. “N ò gbóòórùn mọ́. Òun ló ń bá mi gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún, orí tábìlì aṣọ lílọ̀ ló ti wá.”

Wọ́n dákẹ́, láìjẹ́ pé òfin kankan ní kí wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àlejò kan bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́. Ẹ̀rín Alága ló pẹ́ jù. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó gbé ife àwọn àlejò lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí.”

Obìnrin náà fa imú. “Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó pọn ọ́n kánjú. Ó kù bí ọjọ́ márùn-ún.” Ó wo ọkọ rẹ̀. “Òórùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

Àlejò tó pọn ọ́n gbà pé ọjọ́ mẹ́rin ni.

Wọ́n fún ìyàwó Aláago ní àga Atọ́tíwò. Ó ní ìbúra kì í ṣe aṣọ téèyàn ń bọ́. Wọ́n bá gbé àga náà síta, wọ́n gbé e kọjú sínú ilé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí di òní, ẹsẹ̀ níta, imú nínú. Ẹnu rẹ̀ kò tíì kan ọtí.

Ìgò fífọ̀ ni wọ́n fún Aláago, ó sì gbà á. Ó ń fi èékánná ta ìgò kọ̀ọ̀kan, á gbé e sétí, á gbọ́ èyí tó ti sán, á sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Alága ń sọ káàkiri pé ìgò kankan kò bẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀kan bẹ́.

Ní Sátidé kejì oṣù tó kọjá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Aláago wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ìgò kan wà létí rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ìró aago, kò kánjú.