Àkàrà Mummy Lúsíà

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Thamesmead, ní London, kọnkéré ni gbogbo àyíká wa, òtútù odò kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ò ní gbàgbé. Iṣẹ́ tèmi ní gbogbo Sátidé ni ẹ̀wà bíbó. N ó rẹ ẹ́ sómi, n ó máa fọwọ́ ra á títí èèpo yóò fi léfòó, gbogbo ìka mi á ti hunjọ. Bí mo bá ti parí, ó di ilé Lúsíà, ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀kùn kẹta sí tiwa.

Ará Brazil ni wọ́n. Lúsíà pupa, irun rẹ̀ gùn dé àárín ẹ̀yìn. Páúlò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúdú bíi tèmi, irun rẹ̀ tilẹ̀ ki ju tèmi lọ. Ána àbúrò wọn ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ojú rẹ̀ tín-ín-rín, irun rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Bàbá kan, ìyá kan! Ó máa ń wù mí láti wò wọ́n. Nílé tiwa, bí ẹ bá ti rí ẹnì kan, ẹ ti rí gbogbo wa tán.

Mummy mi, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò rí i bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta, colour mẹ́ta? Bàbá mẹ́ta nìyẹn! Má jẹ́ kí n rí ẹ níbẹ̀ mọ́, Bọ́lá."

Mo lọ, ó ká mi mọ́ ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kọjú sógiri, mo gbọ́wọ́ sókè. Orúnkún ń ro mí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní ní àdúgbò yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, etí mi tún di. Mummy tọ̀ mí wá tòun ti sálúbàtà lọ́wọ́, àfi bó ṣe dúró gbọnin lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mummy Lúsíà ń din àkàrà! Ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà, epo pupa. Ó la àkàrà sí méjì, ó ki edé sí i. "Ó ti bà á jẹ́," ni Mummy ń kùn, àmọ́ ó jẹ mẹ́ta.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Mummy Lúsíà sọ fótò kan kalẹ̀ lára ògiri. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ nìyẹn, dúdú, ó fi aṣọ funfun ró ìró, ó jọ ìyá àgbà wa ní Ìjẹ̀bú débi pé mo fẹ́ẹ̀ kí i. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìlú wa ni. Ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òyìnbó Pòtókí ni bàbá ọkọ náà, ìyá rẹ̀ sì wá láti inú àwọn tó ti wà nínú igbó Brazil kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó dé. Ó ní bí ìran ọkọ òun náà ṣe rí nìyẹn. Bí ọmọ bá ń bọ̀, àwọn kì í mọ ẹni tí yóò jọ.

Mummy gbé sálúbàtà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ má bínú. Mo ti ro yín sí ibi." Mummy Lúsíà, tí kò mọ̀ pé a máa ń kúnlẹ̀ bẹ èèyàn, rò pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, lòun náà bá kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú kọra wọn nílẹ̀ kíṣìnì, àwa ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà ilé méjì ni mò ń bó.

Lóde òní, èèyàn á tutọ́ sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA, wọ́n á sì ka ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ fún un. Ohun ìyanu ni lóòótọ́. Lúsíà ṣe é láìpẹ́ yìí: ilẹ̀ Pòtókí wà níbẹ̀, igbó Brazil wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀. Mo sáré lọ bá Mummy nílé rẹ̀ ní Plumstead láti ròyìn. Àgbà ti dé sí i, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìgbà tí mo ti kúnlẹ̀ fún ìyá wọn tán," ló wí, "ni wọ́n wá ń lọ ṣe test?"