Kápúsù Tí Pirinsípà Ń Tà

Dókítà ni wọ́n ń pè mí ní yunifásítì l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n ewì ni mo fi gba oyè náà. Bí ọmọ yín bá ń wúkọ́, ẹ má pè mí. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi pè láti Oǹdó pé àwọn ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, mo kàn gbé báàgì mi. Mo wọkọ̀.

Igo kápúsù ni wọ́n nà sí mi: Q10. Pirinsípà tó kọ́ wọn níwèé, tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Pirinsípà ti kọ́ gbogbo ìjọ pé ààrò wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, níbi tí oúnjẹ ti ń di agbára. Pé Q10 ló ń gbé ẹyin iná láti apá kan ààrò náà dé èkejì, òun náà ló sì ń pa èyí tó bá ta jáde, kó má baà jólé. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọkàn tí kì í sinmi ló ń lò ó jù. Bí a ṣe ń dàgbà ló ń dín kù.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Irọ́ wọlé níbi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá ní Q10 kò nílò oògùn ọsíbítù mọ́.

“Màmá, orí ń fọ́ yín láti àárọ̀. Ẹ lo oògùn ọsíbítù yín.”

“Ẹni tó kọ́ mi níwèé ni kí n já nírọ́? Ìwọ oníwèé orin! Lọ bá wọn. Bí wọ́n bá ní kí n lò ó, mo gbé e mì nìyẹn.”

Mo bá Pirinsípà nílé lábẹ́ àwọn ìwé ẹ̀rí wọn tó wà lára ògiri, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kápúsù náà ti fi tuntun kún un: “Akọni Ìlera.” Mo dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ Akọni, ó wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà ti pa oògùn tì?”

“Ṣé kí n máa ta ohun tí n kò gbà gbọ́ ni?” Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, ohùn wọn wálẹ̀. “Ní kí ìyá rẹ lo ti ọsíbítù. Sọ pé èmi ni mo wí. Má sọ ti ẹsẹ̀ yìí.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ọsíbítù, sà.”

“Kí ìjọ rí mi? Máa lọ.”

Ìyá mi ti mú oògùn ọsíbítù lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo jíṣẹ́. Wọ́n gbé e mì, wọ́n fomi lé e.

“Pirinsípà fúnra wọn ńkọ́? Ara wọn á ti le koko.”

“Wọ́n ní kí n kí yín,” ni mo wí.