Agbọ̀n Oògùn Ọjọ́ Àwẹ̀

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé nǹkan kan dájú. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, màá bi wọ́n pé ó dájú fún ta ni. Àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Òsì ló fà á, òun àti agbọ̀n kan nínú ìjọ wa ní Odò-Ọwá.

Lẹ́yìn ọmọ mi kejì ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa fún mi lẹ́jẹ̀ káàkiri ọgbà ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo gbádùn díẹ̀, dókítà pe èmi àti ọkọ mi jókòó. Ó ní ojú iṣẹ́ abẹ náà ò tíì jinná dáadáa, pé bí oyún mìíràn bá yára dé, ilé ọmọ lè ya, pé bó bá sì ya, ó ṣeé ṣe kí n má délé mọ́. Kò fi òwe sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gun ọ̀kadà lọ sí Òsì nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilé ìwòsàn wà nítòsí wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ káàdì níbẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú mi di orin. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bọ́ sílẹ̀ kí ọlọ́kadà lè ti ọ̀kadà rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Gbogbo aṣọ mi ló yí ẹrẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, mo rí nọ́ọ̀sì tó ń jẹ àgbàdo sísè. Ó fi ọwọ́ kan mú àgbàdo, ó fi ìkejì na páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí mi.

“Ẹyọ kan lójoojúmọ́, àǹtí. Ó dájú.”

Mo bi í pé ṣé ó dájú lóòótọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mi ni. Ó ní àìmọye obìnrin ló ń lò ó, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ó sì pe ẹni tó kàn. Mo fọkàn balẹ̀ o. Láràárọ̀, bí a bá ti gbàdúrà tán, màá mú ẹyọ kan kí n tó lọ sílé ìwé, ọkọ mi á sì fojú bi mí pé ṣé mo ti lò ó, màá mi orí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ara tù wá láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ni àkókò àwẹ̀ àwọn obìnrin bá dé. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún kí ìkórè tó dé lọ́dọọdún, àwa obìnrin ìjọ wa máa ń wọlé àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, inú ilé ìjọsìn la sì ń sùn. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí ọkọ. Kò sí oògùn pẹ̀lú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ìjọ á gbé agbọ̀n kan yí ká, oníkálukú á sì kó oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, láti fi hàn pé Ọlọ́run nìkan la gbójú lé. Oògùn orí fífọ́, oògùn làkúrègbé, ìgò àgbo, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, wọ́n á sì gbé e sẹ́sẹ̀ pẹpẹ títí àwẹ̀ yóò fi parí. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dà á rò lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á ti fi díẹ̀ pamọ́ sínú gèlè. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í sọ. Àwa tí ìgbàgbọ́ wa ṣì gbóná là ń kó tiwa sílẹ̀ pátá.

Èmi di tèmi sínú áńkáṣíìfù, mo jù ú sínú agbọ̀n. Mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ní í rí ọkọ mi sójú, kí ni oògùn fẹ́ dáàbò bò mí lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí kò jáde sínú òjò, kí ló fẹ́ fi agbòòrùn ṣe? Bí àwẹ̀ ṣe parí, mo mú áńkáṣíìfù mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà láti ibi tí mo bá a dé, mo gba ilé lọ. Ọkọ mi ti gúnyán dè mí. Ìyókù, àgbà ò ní í bi mí.

Nígbà tí oṣù parí, mi ò rí nǹkan oṣù mi. Òòyì kọ́ mi níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé níbi tí wọ́n ti ń kọrin òwúrọ̀. Mo tún gun ọ̀kadà lọ sí Òsì, nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, oyún ni. Mo sọ fún un pé oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé mo fo ọjọ́ kankan. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwẹ̀, mo sì fi kún un pé ọkọ mi kò sí lọ́dọ̀ mi láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

“Àǹtí,” ó ní, “oògùn yìí kì í ṣe ti orí fífọ́ tí a ń lò lọ́jọ́ tó bá ń fọ́ni. Lílo rẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń dá ẹyin dúró. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara á jí, ọkọ ì báà wà nílé, ì báà má sí nílé.”

Ó ní nígbà tí mo padà sórí rẹ̀, ó yẹ kí ọkọ mi lo rọ́bà títí màá fi lò ó fún ọjọ́ méje léraléra. Ó ní ẹni tí kì í fo ọjọ́ kankan ló dájú fún, pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì mọ́ lára, ni ọ̀rọ̀ máa ń bá bẹ́ẹ̀ jù. Ó mọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá.

“Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ gbààwẹ̀.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún ìbínú. Ọkọ mi ní ayédèrú ni oògùn náà, ó sì gba oko lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọ ló dùn mí jù. Nígbà tí ikùn mi yọ, Ìyá Ìjọ pè mí jáde lọ́jọ́ ìkórè, ó ní kí gbogbo ayé wá wo èso àwẹ̀. Wọ́n gbé orin, wọ́n jó yí mi ká. Mo jó. Mo fọwọ́ gba ikùn mi mú, ohùn dókítà ni mò ń gbọ́ nínú orin náà. Títí oyún náà fi pé, bí nǹkan bá ti fà mí nísàlẹ̀ ikùn báyìí, màá pe ọkọ mi, àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa retí bóyá yóò tún fà.

Ìlọrin ni èmi àti ọkọ mi gbé fún ìyókù oyún náà. Dókítà bá wa wí bí ọmọdé, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, a sì ní kó di ọ̀nà ẹyin nínú mi pátápátá kí n má baà lóyún mọ́. Ọlọ́run yọ mí. Ọmọbìnrin ni, ẹ̀rín rẹ̀ kún ilé, mi ò sì lè fi í ṣe pààrọ̀ ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ṣì ń bí mi.

Nígbà àwẹ̀ tọdún yìí, ìyàwó kékeré kan tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ jókòó tì mí. Bí agbọ̀n ṣe ń bọ̀, mo rí i tó mú páálí kan jáde nínú báàgì. Mo mọ páálí náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mọ́ fi í síbẹ̀,” mo ní. “Mu ún lójoojúmọ́, ibi yòówù kó o wà.”

Ìyá Ìjọ ti dé orí wa pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀.

“Kí ẹ í fi pamọ́ ún?”

“Oògùn rẹ̀ ni, Yèyé. Kò ní í wọ agbọ̀n.”

Ó wò mí títí. “Ìwọ tí àwẹ̀ fún lọ́mọ?”

“Èmi náà ni, Yèyé. Ó kù díẹ̀ kọ́mọ ọ̀ún má bá yèyé rẹ̀ nulé.”

Ìyàwó kékeré náà dá páálí padà sínú báàgì, agbọ̀n sì kọjá. Lẹ́yìn wa, ìyá àgbà kan tú gèlè rẹ̀, ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jáde, ó sì gbé e lé orí itan rẹ̀ níbi tí gbogbo wa ti lè rí i.