Àjàrà Bàbẹ́rà Tí Wọn Kò Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá màmá ará Ítálì tó múlé tì wá ní Bowie, ní Amẹ́ríkà, ṣọ̀rẹ́ kí ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó dé. Èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ ra oògùn, èmi ni mo máa ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí mo bá se mọ́ínmọ́ín, tiwọn máa ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí orúnkún ń dùn wọ́n débi pé wọn kò lè dúró pẹ́ mọ́, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tọ́jú igi àjàrà, mo rò pé èmi ni wọ́n máa pè.

Ìyàwó wa ni wọ́n pè.

Àjàrà ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí à ń rà lọ́jà. Bàbẹ́rà ni orúkọ rẹ̀, àjàrà pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì lábúlé wọn ní àríwá Ítálì. Ọkọ wọn tó ti kú ló gbìn ín sẹ́yìnkùlé, ìlà mẹ́ta péré, ó fi wáyà dè é mọ́ òpó. Màmá sọ fún mi nígbà kan pé wáìnì ńlá wà níbẹ̀ fún àwọn olówó, ṣùgbọ́n Bàbẹ́rà ni èyí tí bàbá wọn máa ń mu tó bá ti oko dé. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Mo ti kà á sí tèmi.

Ìyàwó wa kò tíì lò tó oṣù márùn-ún ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìbàdàn ló ti wá, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa, kò sì tíì ríṣẹ́. Ní ìparí oṣù Fẹ́búárì, mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo ń wò wọ́n. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀ka, ìyàwó wa ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Àǹtí mi, màmá ní ọwọ́ mi yá sí i." Mo ní ó dára. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ìgbà ooru. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, tí mo wa mọ́tò délé, màá bá wọn lábẹ́ àjàrà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Màmá ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì fi ń pe ìyá àgbà: nónà. Bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Èmi, fún ọdún mẹ́sàn-án, "mà" lásán ni mò ń pè wọ́n.

Ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn èso náà ń dúdú. Ọjọ́ tí màmá ń lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ orúnkún, ìyàwó wa ti lọ wáṣẹ́ ní Oxon Hill. Màmá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Sọ fún ọmọ yẹn kó ta àwọ̀n bo àjàrà kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Àwọ̀n wà nínú ilé irinṣẹ́. Tó bá ti dúdú báyìí, ẹyẹ ò ní fi í sílẹ̀."

Mo ní màá sọ fún un.

Nírọ̀lẹ́, bá a ṣe jọ ń gé ẹ̀fọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ló bá ń sọ bí òun àti nónà ṣe máa fún wáìnì nígbà tí nónà bá ti ọsibítù dé, bí wọ́n ṣe máa fi ẹsẹ̀ tẹ èso nínú ike. Òun àti nónà. Mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Ẹtì náà kọjá. Mo ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni, mo sì mọ̀ pé mi ò gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹyẹ dúdú bo ẹ̀yìnkùlé màmá. Kí a tó lé wọn tán, igi tí èso so mọ́ nìkan ló kù. Ìyàwó wa kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, ó ń ṣa èyí tó já bọ́. Ó ní ẹ̀bi òun ni, ó yẹ kí òun ti béèrè kí màmá tó lọ. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gbá a mọ́ra, mo ní kó má sunkún.

Lọ́sẹ̀ kejì màmá dé. Ìyàwó wa lọ bẹ̀ wọ́n, mo tẹ̀ lé e. Màmá kò wò ó, èmi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé o sọ fún un?"

"Rárá, mà."

"O gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé. Mò ń jowú ni."

Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bẹ̀, lọ́dún tí ọkọ mi kú. O ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè."

Òótọ́ ni. Mo rántí pé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dá wọn lóhùn. Mi ò tiẹ̀ jókòó.

Fún ọjọ́ méjì, ìyàwó wa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò pè mí ní àǹtí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó bá mi ní ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ bá wọn tọ́jú àjàrà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí tí mo fi ń sá lọ sọ́dọ̀ wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́.

Kò sí wáìnì lọ́dún yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a jọ tọ́jú àjàrà náà ni. Mò ń gé ibi tí kò yẹ, ó ń rọra dá mi lọ́wọ́ kọ́, èmi tí mo jù ú lọ. Ìgò wáìnì mẹ́rin la rí. Ó kan bí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n, ó sì pa ahọ́n mi láró, ṣùgbọ́n mo mu ife mi tán.

Ìyàwó wa àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Oxon Hill báyìí. Màmá ṣì máa ń fóònù ìyàwó wa kí wọ́n tó pè mí, èmi tí mo wà nítòsí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ń dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi," kò sì sọ pé òun máa sọ fún màmá kí wọ́n dẹ́kun.