Alábàárìn Mi Tó Padà sí Oǹdó

Ọ̀sán Sátidé kan ni bàbá mi mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Arakale, l'Àkúrẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Oògùn ikọ́ olómi, èyí tó ní kodíìnì nínú, ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé. A máa ń dà á mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí àwọn tíṣà má baà fura. Nígbà tó yá, ó di tíràmádò, hóró oògùn ìrora, títí wọ́n fi bá mi nílẹ̀ ní balùwẹ̀ ilé wa l'Ọ̀dà, tí mi ò mọ ibi tí mo wà.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ló sọ fún bàbá mi pé àwọn ọ̀dọ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn yẹn láti ran ara wọn lọ́wọ́. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ọmọ tó jókòó yíká lórí bẹ́ǹṣì, ó tún wò mí.

"Ṣé àwọn tó mu ún náà ni wọ́n fẹ́ fi wo ẹni tó mu ún sàn?"

Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Àǹtí tó ń darí wa máa ń fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní alábàárìn, ìyẹn ẹnì kan tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin ará Oǹdó kan ni wọ́n fún mi. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé l'Àkúrẹ́ nítorí ìtọ́jú. Mo ti ń múra bí mo ṣe máa ṣàlàyé ara mi fún un, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní rárá. Ó mú mi jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì létí títì. "Ẹnu rẹ á máa korò," ó wí. "Máa jẹ nǹkan gbígbóná, á dín kù." Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnu mi ń korò.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ó bá ti ń ṣe mí bíi kí n tún lò ó, òun ni mo máa ń pè. Kì í bá mi wí, kì í gbàdúrà lé mi lórí. Á ní, "Dìde. Bọ́ síta. Sọ ohun tí o bá rí fún mi." Màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ewúrẹ́ aládùúgbò wa, aṣọ tó já bọ́ lórí okùn, ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí màá fi sọ̀rọ̀ dé orí ẹ̀wà, ìfẹ́ láti lò ó á ti rọlẹ̀.

Nígbà tó yá, ó padà sí Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó lè parí ilé-ìwé. Ó ní òun á máa wá ní Sátidé. Ó wá fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Mo pè, kò gbé e. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ó ti padà sídìí ẹ̀. Àǹtí ní òun ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá ní ara ọmọ òun le. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi náà, ibà ló sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó gbé mi dé ọsibítù. Mi ò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ wò ó." A wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi, tíṣà ni, ló ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín láti Àkúrẹ́ ni mí." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi èdè Oǹdó sọ̀rọ̀ wàràwàrà, mi ò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń lé mi ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá mọ ọmọ òun l'Àkúrẹ́, oògùn ló fi mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi bọ́ fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyáàfin," ó ní, "ọmọ yín ló gbé ọmọ mi dìde."

Obìnrin náà yẹ̀ fún wa lọ́nà.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá ọ̀rẹ́ mi, ó ń fọṣọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ojú rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn, inú sì tún ń bí mi.

"Ṣé o ti padà sí i ni?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí o ò wá mọ́?"

Ó fún omi kúrò lára aṣọ kan, ó pẹ́ lórí ẹ̀. "Tí gbogbo yín bá ń sọ bó ṣe máa ń rí lára, ṣe ni mo máa ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Tí mo bá wọ mọ́tò padà sílé, òun nìkan ni mò ń rò."

"Tí mo bá pè ẹ́ ńkọ́?"

"Bákan náà ni. Ìwọ ń dìde, èmi ń lọ sílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Má pè mí ná. Èmi ni màá máa pè ọ́."

Mo bá a sá ìyókù aṣọ náà. Ìyá rẹ̀ gbé iyán wá fún wa, ó ní ká jẹun ká tó lọ. Nínú mọ́tò, bàbá mi béèrè bóyá ara ọmọ náà dá. Mo ní ó dá. Ó ní kí ló wá dé tí mò ń sunkún. Mo ní mi ò mọ̀.

Ó pẹ́ kó tó pè. Nígbà tó pè, ọ̀rọ̀ ìdánwò àti òjò la sọ. Ó ṣì máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di òní, a ò sì fẹnu kan nǹkan yẹn rí.

Èmi ò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀; ibẹ̀ ni mo ti rí ìwòsàn. Mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi wí fún Àǹtí, ó rò ó títí, ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa ṣàlàyé adùn oògùn níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé a ti tún un ṣe. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí mo jẹ́ alábàárìn fún bi mí pé tí òun ò bá lè sọ bó ṣe máa ń rí lára òun láàrin wa, níbo gan-an ni kí òun ti lọ sọ ọ́? Mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì lè sọ bóyá ohun tí mo ṣe dáa.